Bí Ìlú Kékeré Ṣe Lè Sọ Ilé Ìkàwé Àtijọ́ Rẹ̀ Di Ti Àwọn Ọmọdé: Ẹ̀kọ́ Láti Salisbury

Ní apá àríwá-ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Connecticut, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni ìlú Salisbury wà. Ìlú kékeré ni, iye àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lónìí kò sì ju nǹkan bí 4,000 lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1803, Caleb Bingham, ọmọ bíbí ìlú náà tó ti di òǹtàwé àti atẹ̀wé ní Boston, fi ìwé 150 ránṣẹ́ sílé. Ó ní kí wọ́n tọ́jú wọn fún àwọn ọmọ ìlú tí ọjọ́ orí wọn bá wà láàárín ọdún 9 sí 16. Nínú lẹ́tà tó kọ ránṣẹ́, ó ṣàlàyé pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ó wu òun púpọ̀ láti máa kàwé, ṣùgbọ́n kò sí ilé ìkàwé tí òun lè lọ, ó sì ṣeé ṣe dáadáa kí àwọn ọmọ mìíràn wà nílé báyìí tí irú ìfẹ́ yẹn ń jẹ lọ́kàn. Ní ọdún 1810, ìpàdé ìlú fọwọ́ sí i pé kí wọ́n mú 100 dọ́là nínú owó ìlú láti fi ra ìwé kún ìwọ̀nyẹn. Báyìí ni ìlú tó wà ní ìgbèríko ṣe dá ilé ìkàwé tí owó ìlú ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ sílẹ̀, tó sì jẹ́ pé àwọn ọmọdé ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹnikẹ́ni tí ìlú rẹ̀ ní ilé ìkàwé tó ti pẹ́, bóyá olùkọ́ ni, bóyá òbí, bóyá ọmọ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, yálà nílé tàbí lókè òkun, tó sì fẹ́ kí ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé máa pé síbẹ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú jálẹ̀: ẹ kọ́kọ́ fún ọmọdé ní ẹ̀tọ́ láti yá ìwé lọ sílé ní orúkọ ara rẹ̀, kí ẹ tó ronú kan ètò èyíkéyìí mìíràn. Bí ètò bá kún fún orin, eré àti ìpápánu, ṣùgbọ́n tí ọmọ kò mú ìwé kankan dání nígbà tó ń lọ sílé, àríyá lásán ni, kò sì nílò ilé ìkàwé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wádìí ẹni tó ni ilé ìkàwé náà

Ilé ìkàwé tó ti pẹ́ sábà máa ń ní ìwé ìdásílẹ̀, ìwé ẹ̀bùn ilẹ̀ tàbí ìwé ìhágún kan níbi kan, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọdé ti wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ tí gbogbo ènìyàn sì ti gbàgbé. Ẹ wá a jáde. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ìlú, ẹ yẹ àkọsílẹ̀ ìpàdé àtijọ́ wò, kí ẹ sì mọ̀ bóyá ìjọba ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, ìlú fúnra rẹ̀ tàbí ìdílé kan ni ó ni ilé náà. Ní Nàìjíríà, àjọ ilé ìkàwé ìpínlẹ̀ ló ń ṣàkóso púpọ̀ nínú àwọn ilé ìkàwé gbogbogbòò, nítorí náà, ẹ kò lè ti ilẹ̀kùn kan tàbí kí ẹ gbé pẹpẹ kan kúrò láìgba àṣẹ wọn. Ẹ má ṣe rò pé àlejò ni ọ̀rọ̀ yìí lọ́dọ̀ wa o. Ní Ìbàdàn ni UNESCO ti ṣe ìpàdé àpérò lórí bí ilé ìkàwé gbogbogbòò yóò ṣe gbilẹ̀ ní Áfíríkà ní ọdún 1953.

Bí ẹ bá ń wádìí, ẹ ya ọ̀rọ̀ ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ìwé. Ilé òkúta tí àwọn ará Salisbury ń lò báyìí, ẹ̀bùn ìdílé Scoville tí wọ́n rí owó nídìí iṣẹ́ irin ni, láàárín àwọn ọdún 1890 ni wọ́n sì kọ́ ọ. Ìwé ti ń lọ tó ń bọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ fún ohun tó lé ní 80 ọdún kí òkúta kankan tó dé orí òkúta níbẹ̀. Bákan náà ló rí ní Peterborough, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire. Ní ọdún 1833, pásítọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Abiel Abbot dá a lábàá pé kí ìlú lo apá kan nínú owó ẹ̀kọ́ tí ìpínlẹ̀ ń pín fún ìlú kọ̀ọ̀kan láti fi dá ilé ìkàwé ọ̀fẹ́ sílẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí ilé ìfìwéránṣẹ́ wà ni wọ́n ti kọ́kọ́ to àwọn ìwé náà sí, wọn kò sì ní ilé tí wọ́n dìídì kọ́ fún un títí di ọdún 1893. Bí òrùlé ilé ìkàwé yín bá ń jò lónìí, ẹ kó ìwé ọmọdé sí yàrá kan ní ilé ẹ̀kọ́ tàbí ní gbọ̀ngàn ìlú, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ẹ sì máa tún òrùlé ṣe lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wá owó tí yóò máa wọlé lọ́dọọdún

Ẹ̀bùn máa ń tán. Ìwé 150 tí Bingham fi ránṣẹ́ ìbá ti ya tán lọ́wọ́ àwọn ọmọ láàárín ọdún díẹ̀ bí ìlú kò bá dá sí i. Nítorí náà, bí ọmọ ìlú kan tó wà lókè òkun bá fẹ́ fi páálí ìwé ránṣẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ní oṣù yẹn gan-an, kí wọ́n lè dìbò lórí iye kan, bó ti wù kó kéré tó, tí yóò máa jáde lọ́dọọdún fún ìwé ọmọdé nìkan. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwé ni owó náà wà fún. Bí wọ́n bá pa owó ìwé pọ̀ mọ́ owó epo jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ ni yóò gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀

Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Ní ọ̀rúndún 19, ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ní Amẹ́ríkà kò gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 tàbí 14 láàyè rárá. Obìnrin kan wà ní Pawtucket, ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, tó ń jẹ́ Minerva Sanders. Òun ló sọ pé kí àwọn kéékèèké máa wọlé, ó sì wá tábìlì àti àga tó mọ níwọ̀n wọn. Nínú ìlànà ẹ̀tọ́ òǹlò ilé ìkàwé tí Ẹgbẹ́ Ilé Ìkàwé Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí láti ọdún 1939, ọdún 1967 ni wọ́n tó fi ọjọ́ orí kún àwọn ohun tí a kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ lé ènìyàn sẹ́yìn. Ìyẹn fi hàn pé ẹ̀tọ́ yìí kì í dédé wá, àfi kí ẹnì kan dìde fún un.

Ní ti ọjọ́ orí, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe fi ààlà sí i rárá. Ọmọ tó bá ti lè kọ orúkọ rẹ̀ ni kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, kí òbí sì kọ tirẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kọ. Anne Carroll Moore, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú yàrá àwọn ọmọdé ní Pratt Institute ní Brooklyn ní ọdún 1896, máa ń ní kí ọmọ kọ orúkọ sínú ìwé ńlá kan lábẹ́ ẹ̀jẹ́ pé òun yóò tọ́jú ìwé, yálà nílé ìkàwé tàbí nílé, òun yóò sì pa òfin ibẹ̀ mọ́. Ẹ dán irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀ wò ní èdè Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kà á sókè níwájú òbí rẹ̀ kó tó mú kálàmù.

Ẹ kò nílò kọ̀ǹpútà láti máa yá ìwé fún ọmọ. Ìlànà kan wà tí ó tàn kálẹ̀ láti ilé ìkàwé ìlú Newark, ní New Jersey, ní nǹkan bí ọdún 1900, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní níbi tí iná kò ti dúró. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ lẹ àpò bébà kékeré mọ́ inú èèpo ẹ̀yìn ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi káàdì líle kan tí orúkọ ìwé náà wà lórí rẹ̀ sínú àpò náà, kí ẹ sì lẹ bébà onílà kan sí ojú ewé tó kọjú sí i. Nígbà tí ọmọ bá fẹ́ yá ìwé, ẹ yọ káàdì, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lórí káàdì ọmọ náà àti ọjọ́ ìdápadà sí i, kí ẹ sì fi òǹtẹ̀ tẹ ọjọ́ yẹn kan náà sórí bébà onílà àti sórí káàdì tó wà lọ́wọ́ ọmọ. Ọmọ á gbé ìwé lọ, káàdì ìwé á dúró sínú páálí lórí tábìlì yín, wọn yóò sì wà ní títò gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìdápadà wọn. Bí ẹ bá ṣí páálí náà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn tó wà níwájú pátápátá ni ọjọ́ wọn ti kọjá. Bí ìwé bá dé, ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí bébà rẹ̀, ẹ wá káàdì rẹ̀ jáde níbi ọjọ́ yẹn, ẹ dá a padà sínú àpò, ó parí.

Ọ̀rọ̀ owó ìtanràn ńkọ́? Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ọmọdé. Ọmọ tí kò lówó lọ́wọ́ kò ní wá mọ́ bí ìwé bá ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó sì pàdánù ìwé, ẹ ó sì pàdánù ọmọ pẹ̀lú. Ilé ìkàwé Chicago, tí ó tóbi ju ti ẹnikẹ́ni nínú wa lọ, pa owó ìtanràn rẹ́ ní ọdún 2019. Ohun tó tó ni pé kí ọmọ dá èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà kó tó mú òmíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ṣa ìwé, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ ṣa tirẹ̀

Ìwé 150 tó láti fi bẹ̀rẹ̀, bí ó bá jẹ́ àṣàyàn. Púpọ̀ nínú ìwé tí wọ́n ń kó wá fún ilé ìkàwé kéékèèké kò wúlò fún ọmọdé: ìwé òfin tó ti gbó, ìwé ìṣirò ti ìlú òkèèrè, ìwé tí èèrà ti jẹ. Ẹ má bẹ̀rù láti kó ìwọ̀nyẹn kúrò. Ní Hartford, olú ìlú ìpínlẹ̀ Connecticut tí Salisbury wà yìí kan náà, Caroline Hewins gba iṣẹ́ ilé ìkàwé ní ọdún 1875. Ní ọdún 1882, ó tẹ àtòjọ ìwé tó dára fún àwọn ọmọdé jáde, ó sì kọ̀wé sí ilé ìkàwé 25 láti béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe kí àwọn ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin lè fẹ́ràn ìwé tó dára. Ìbéèrè yẹn ṣì yẹ ní bíbéèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé yín.

Ní tèmi, ìdajì ìwé ọmọdé nílé ìkàwé tó wà nílẹ̀ Yorùbá yẹ kó jẹ́ ti èdè Yorùbá, kí ìwé àwòrán sì pọ̀ ju ìwé tó kún fún ọ̀rọ̀ lọ fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 8. Ẹ fi ìwé àgbà díẹ̀ tó rọrùn sí tòsí wọn pẹ̀lú, nítorí ẹnikẹ́ni kò mọ ìwé tí yóò mú ọmọ kan lọ́kàn. Bingham fúnra rẹ̀ ṣàkójọ ìwé kan ní ọdún 1797 láti fi kọ́ni ní ọ̀rọ̀ sísọ láwùjọ, ìjíròrò kan sì wà nínú rẹ̀ tí ẹrú kan ti fi ọ̀rọ̀ ọgbọ́n borí olówó rẹ̀ títí tí ìyẹn fi dá a sílẹ̀. Frederick Douglass, tó ṣì jẹ́ ẹrú ní Baltimore nígbà náà, tí kò sì ju nǹkan bí ọmọ ọdún 12 lọ, fi sẹ́ǹtì 50 ra ìwé yẹn, ó sì ń kà á ní gbogbo ìgbà tí àyè bá yọ. Ó di ọ̀kan nínú àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ga jù lọ tí Amẹ́ríkà ní, tó ń jà fún òmìnira àwọn ènìyàn rẹ̀. Kò sí ilé ìkàwé tí ìbá yá a ní ìwé náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ṣètò yàrá, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ilé àtijọ́

Ìlú Brookline, ní Massachusetts, ya yàrá abẹ́ ilé ìkàwé rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọdé ní ọdún 1890, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Yàrá abẹ́ ilé lè dùn fún eré, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù jù tí atẹ́gùn kò sì rí ọ̀nà gbà, ìwé á bu. Ẹ fi pẹpẹ jìnnà sí ògiri ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ẹ gbé e sókè kúrò nílẹ̀ nítorí ìkán, kí ẹ sì máa yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò lósọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà òjò.

Bí yàrá tí ẹ yàn bá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ pe ẹnjiníà kí ẹ tó gbé pẹpẹ lọ síbẹ̀. Ìwé wúwo ju bí ènìyàn ṣe ń rò lọ. Nínú òfin ilé kíkọ́ Amẹ́ríkà, ilẹ̀ yàrá tí ènìyàn ti ń jókòó kàwé gbọ́dọ̀ lè gbé nǹkan bí kìlógíráàmù 290 lórí mítà kan ní òró àti ní ìbú, ṣùgbọ́n ti yàrá tí pẹpẹ ìwé kún gbọ́dọ̀ lè gbé nǹkan bí 730. Ilé onípákó tí àwọn baba wa kọ́ fún ìgbé lè má gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Pẹpẹ kúkúrú tí kò ga ju àyà ọmọ ọdún 7 lọ, tí ẹ tò mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri, ló dára jù: kò ní wó lu ọmọ, òṣìṣẹ́ sì lè rí gbogbo yàrá láti orí àga rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èèpo iwájú ìwé àwòrán kọjú sí ọmọ, nítorí ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kò lè ka ẹ̀gbẹ́ ìwé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Wákàtí ìtàn

Láti ọdún 1899 ni ilé ìkàwé Carnegie ní Pittsburgh ti ń ṣètò wákàtí ìtàn fún àwọn ọmọdé, ó sì ti di àṣà káàkiri. Ẹ yan ọjọ́ kan àti wákàtí kan tí kò ní yí padà, ìbáà ṣe ọmọ méjì péré ló wá. Ẹ pín wọn sí ìsọ̀rí: àwọn ọmọ ọwọ́ lórí ẹsẹ̀ ìyá wọn fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, orin àti ìpàtẹ́wọ́ ló pọ̀ jù nínú tiwọn; àwọn ọmọ ọdún 3 sí 5 fún ìdajì wákàtí; àwọn tó ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́ lè jókòó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ètò kan tí àwọn ilé ìkàwé Amẹ́ríkà ń lò láti ọdún 2004 tẹnu mọ́ ọn fún àwọn òbí pé ìsọ̀rọ̀, orin, ìwé kíkà, ìkọ̀wé àti eré ni ọmọ fi ń múra sílẹ̀ de ìwé mímọ̀. Àwọn ìyá wa ń ṣe mẹ́ta nínú wọn lójoojúmọ́ láìsí ẹni tó kọ́ wọn.

Bí ẹ bá ń ka ìwé àwòrán, ẹ jókòó sórí àga kúkúrú, kí àwọn ọmọ jókòó sórí ẹní níwájú yín. Ẹ fi ọwọ́ kan di ìsàlẹ̀ ìwé mú láàárín, ní ẹ̀gbẹ́ èjìká yín, kí ojú ewé kọjú sí àwọn ọmọ ní gbogbo ìgbà, kí ẹ sì máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú kà á. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ti kà á nílé dáadáa tẹ́lẹ̀. Fèrèsé kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn yín, nítorí ìmọ́lẹ̀ yóò gún àwọn ọmọ lójú, àwòrán yóò sì ṣókùnkùn. Ẹ lo ọwọ́ kejì láti ṣí ewé láti igun òkè, ẹ dúró díẹ̀ kí ojú gbogbo wọn lè ká àwòrán, kí ẹ tó ṣí òmíràn. Bí ọmọ kan bá dìde láti fọwọ́ kan àwòrán, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kàn án.

Fún ààlọ́, àwa Yorùbá ní ètò tó ti pé tẹ́lẹ̀. Ẹ fi àlọ́ àpamọ̀ bẹ̀rẹ̀, kí àwọn tó pẹ́ lè bá yín. “Òkun ń hó yeeye, ọ̀sà ń hó yeeye, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́.” Ọmọ tó bá kọ́kọ́ pariwo pé ọmọ orógùn ni, òun ni yóò pa èyí tó kàn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bọ́ sí àlọ́ àpagbè, kí ẹ sì kọ́ wọn ní ègbè orin Ìjàpá kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, kí ohùn wọn lè ga nígbà tó bá yá. Ẹ̀yin òbí Yorùbá tó wà ní àwọn ìlú kéékèèké ní Amẹ́ríkà tàbí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ yàrá àwọn ọmọdé, kí ẹ sì tọrọ wákàtí kan lóṣù fún ààlọ́ ní èdè méjèèjì. Ọ̀nà yìí ti là tipẹ́: ní ọdún 1921 ni Pura Belpré, ọmọ Puerto Rico, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìkàwé New York, tó sì ń sọ ìtàn ilé rẹ̀ fún àwọn ọmọ ní èdè Sípéènì àti Gẹ̀ẹ́sì.

Kí wákàtí tó parí, ẹ tẹ́ ìwé 20 tàbí 30 sórí ẹní, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan, kí wọ́n sì tò síwájú tábìlì òǹtẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ

Ní Amẹ́ríkà, oṣù kẹfà sí ìkẹjọ ni ilé ẹ̀kọ́ máa ń ti. Tiwa sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní òpin oṣù keje. Àkókò yìí ni ọmọ máa ń gbàgbé ìwé. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bébà tí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní àpótí kékeré lórí rẹ̀, kí ó kun àpótí náà ní gbogbo ọjọ́ tó bá kàwé tàbí tí wọ́n kàwé fún un. Ọjọ́ ni kí ẹ kà, ẹ má ka iye ìwé, kí ẹni tí kò yára kàwé má bàa tijú. Ìwé ni kí ẹ fi ṣe ẹ̀bùn fún gbogbo ẹni tó bá parí rẹ̀. N kò fara mọ́ ipò kìíní, ìkejì àti ìkẹta níbí rárá.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ààbò àti àkọsílẹ̀

Àgbà méjì ni kó máa wà nínú yàrá ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn kò sì gbọdọ̀ wà ní títì. Ẹ má ṣe gba ẹni tí ẹ kò wádìí ìwà rẹ̀ láti bá yín ṣiṣẹ́, bó ti wù kó ní ìtara tó. Bí ó bá di àkókò títi ilẹ̀kùn tí òbí kò sì dé, àgbà méjèèjì ni yóò dúró ti ọmọ náà.

Ẹ ní ìwé àkọsílẹ̀ kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan: iye ọmọ tó gba káàdì tuntun, iye ìwé tó jáde, iye ìwé tí kò padà, iye ọmọ tó wá sí wákàtí ìtàn, àti orúkọ ìwé tí wọ́n béèrè tí ẹ kò ní. Ẹ má kọ orúkọ ọmọ mọ́ ìwé tó kà sínú rẹ̀, nítorí ohun tí ọmọ ń kà jẹ́ ọ̀rọ̀ àárín òun àti ilé ìkàwé. Bí ìpàdé ọdọọdún bá dé, ẹ gbé ìwé àkọsílẹ̀ náà lọ, ẹ ka iye oṣù kọ̀ọ̀kan sókè, kí ẹ sì fi àtòjọ àwọn ìwé tí àwọn ọmọ béèrè lé alága lọ́wọ́ kí wọ́n tó dìbò lórí owó ọdún tó ń bọ̀.